Ẹ Má Tíì Sọ Gíà Kalẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn awakọ̀ àti mẹkáníìkì sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní Baṣọ̀run, Ìbàdàn

Akọ̀wé ní kí n bá yín sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tó ń fa àríyànjiyàn láàárín awakọ̀ àti mẹkáníìkì, tó sì ń fa ẹjọ́ láàárín awakọ̀ àti ọ̀gá tó gbà á síṣẹ́. Ohun náà ni gíà ọtọmátíìkì inú píkọ́ọ̀pù tó ti dàgbà. Awakọ̀ yóò fa ọ̀pá gíà sí D tàbí sí R, ọkọ̀ yóò dúró bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí a sọ. Yóò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó dáhùn, nígbà tó bá sì máa dáhùn, gbì ni yóò ṣe.

N kò wá láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni mo ń ṣe. Mo mọ̀ pé awakọ̀ a máa sọ pé mẹkáníìkì ló ba ọkọ̀ jẹ́, mẹkáníìkì náà a sì máa sọ pé awakọ̀ ni. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé kò ju ẹyọ kan lọ. Ìdádúró yẹn kì í ṣe àìsàn fúnra rẹ̀, àmì àìsàn ni. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo àmì náà, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀, yóò mọ ibi tí àìsàn wà kí ó tó mú sípánà lọ́wọ́. Sọ́ sísọ gíà kalẹ̀ ni ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn, òun kọ́ ni àkọ́kọ́.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan ẹgbẹ́

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti owó. Bí gíà ọkọ̀ ilé iṣẹ́ bá kọṣẹ́, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ọ̀gá máa ń bèèrè ni pé, “Ta ló wà á kẹ́yìn?” Mo mọ ilé iṣẹ́ kan, n kò ní dárúkọ rẹ̀, tí wọ́n ti fẹ́ máa yọ owó gíà lára owó oṣù awakọ̀ wọn, torí pé píkọ́ọ̀pù tó ń wà kò tètè gba D mọ́. Nígbà tí a dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ náà, rọ́bà tó ń gbé ọ́ìlì gíà lọ sínú rédíétọ̀ ló ti sán. Ó ń kán tó, tó, tó, sórí irin abẹ́ ọkọ̀, ilẹ̀ kò sì tutù tó kí ẹnikẹ́ni fura. Rọ́bà kan àti ọ́ìlì díẹ̀ ló parí ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹnikẹ́ni kò bá wo abẹ́ ọkọ̀ ni, awakọ̀ ìbá ti san owó odindi gíà fún ohun tí kò ṣe.

Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 1974, sọ̀rọ̀ lórí èyí ní ìpín karùn-ún rẹ̀. Agbanisíṣẹ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dédé yọ owó lára owó oṣù òṣìṣẹ́ nítorí pé nǹkan bàjẹ́. Ó di ìgbà tí òṣìṣẹ́ náà bá mọ̀ọ́mọ̀ hu ìwà tó fa àdánù náà, tàbí tó kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ láìbìkítà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ pàápàá, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda nínú ìwé láti ọwọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí a fún láṣẹ lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Gbogbo ohun tí wọ́n bá sì yọ ní oṣù kan kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ. Bẹ́ẹ̀ ni òfin wí. Ṣùgbọ́n òfin kì í rìn wá bá ènìyàn nílé. Ẹni tó bá fẹ́ kí òfin gbèjà òun gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí lọ́wọ́, ẹ̀rí náà kò sì lè jáde nínú gíà tí wọ́n ti tú sílẹ̀ yángá-yàngà-yángá sórí ilẹ̀.

Bí gíà náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Ní ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná, ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà wa ló sì fi Peugeot 504 kọ́ ọkọ̀ wíwà. Gíà tí a ń fi ọwọ́ yí ni, klọ́ọ̀ṣì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ òsì. Bí klọ́ọ̀ṣì bá ti jẹ tán, ẹsẹ̀ rẹ ni yóò sọ fún ọ. Ṣùgbọ́n píkọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ tó ń ti Amẹ́ríkà wọlé, irú Toyota Tacoma, Ford Ranger àti Nissan Frontier, ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní klọ́ọ̀ṣì lábẹ́ ẹsẹ̀ rárá. Klọ́ọ̀ṣì wọn wà nínú gíà, ju ẹyọ kan lọ ni, ọ́ìlì ló sì ń tẹ̀ wọ́n.

Ẹ wo fáànù méjì tó kọjú síra wọn. Bí ẹ bá tan ọ̀kan, atẹ́gùn rẹ̀ yóò máa yí èkejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èkejì kò ní iná. Bẹ́ẹ̀ ni torque converter ṣe ń ṣe láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíà, àmọ́ ọ́ìlì ló ń lò dípò atẹ́gùn. Ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Hermann Föttinger ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n yìí ní ọdún 1905, ọkọ̀ ojú omi ló sì ní lọ́kàn. Nígbà tó di ọkọ̀ Oldsmobile ti ọdún 1940, ilé iṣẹ́ General Motors ní Amẹ́ríkà ti ń ta gíà ọtọmátíìkì tí wọ́n pè ní Hydra-Matic fún ará ìlú. Ọgbọ́n tó ń fi agbára ọ́ìlì ṣiṣẹ́ yìí náà ló wà nínú píkọ́ọ̀pù tí ẹ gbé wá síbí lónìí.

Lẹ́yìn converter ni páńpù wà. Ẹ́ńjìnnì ló ń yí páńpù yìí. Páńpù á fa ọ́ìlì láti inú àwo ìsàlẹ̀ gíà, á fà á gba inú fíltà, á sì tì í lọ sínú àwọn ihò tóóró inú gíà. Nígbà tí awakọ̀ bá fa ọ̀pá sí D, ọ̀nà kan yóò ṣí, ọ́ìlì yóò wọ ẹ̀yìn písítìnnì, písítìnnì yóò tẹ àwọn pílétì klọ́ọ̀ṣì pọ̀, ọkọ̀ yóò sì gbéra.

Ẹ̀yin tó ní páńpù omi nílé yóò tètè mọ ohun tí mò ń sọ. Bí kànga bá ti fà, tàbí tí ohun kan dí ẹnu páìpù, tàbí tí páìpù lu, ẹ óò tan páńpù, ẹ óò gbọ́ ariwo rẹ̀, ẹ óò sì dúró lẹ́nu ẹ̀rọ tìtì kí omi tó dé. Ohun kan náà ni gíà tó ń lọ́ra. Ọ́ìlì kò tètè dé ẹ̀yìn písítìnnì, tàbí ó dé ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò tó. Nítorí náà, ìbéèrè wa kò ju mẹ́ta lọ. Ṣé ọ́ìlì wà tó? Ṣé ó ń rí ọ̀nà kọjá? Ṣé kò máa jò dànù lójú ọ̀nà?

Ẹ ka àkókò rẹ̀

Ẹ má ṣe sọ pé “ó ń pẹ́ díẹ̀”. Díẹ̀ tèmi lè má jẹ́ díẹ̀ tirẹ. Ẹ kà á. Ìwé àtúnṣe Toyota ní ìlànà kan fún èyí, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì àti gíà gbóná bí ìgbà tí ọkọ̀ ti rìn dáadáa, kí ooru ọ́ìlì wà láàárín 50 sí 80 dígíríì Celsius. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fi òkúta dí táyà, ẹ fa búréèkì ọwọ́, kí awakọ̀ sì tẹ búréèkì ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má dúró níwájú tàbí lẹ́yìn ọkọ̀, ìbáà jẹ́ ọmọ iṣẹ́ tó ń mú iná dání. Kí iná ẹ́ńjìnnì wà nílẹ̀, ẹ má tẹ ẹ́. Ẹ wá fa ọ̀pá láti N sí D, kí ẹ sì fi fóònù ka àkókò láti ìgbà tí ọ̀pá wọlé títí di ìgbà tí ara ọkọ̀ gbọ̀n pé òun ti gbà á. Ẹ dá a padà sí N, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún ṣe é. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ ro ó pọ̀, kí ẹ pín in sí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ láti N sí R.

Fún irú gíà tó wà nínú àwọn Tacoma àtijọ́, N sí D kò gbọdọ̀ tó ìṣẹ́jú àáyá 1.2, N sí R kò sì gbọdọ̀ tó 1.5. Ẹ wò ó pé R ní àyè díẹ̀ ju D lọ. Nítorí náà bí R bá fi díẹ̀ pẹ́ ju D, ẹ má ṣe pariwo. Bí D bá pẹ́ nìkan, tí R dára, ẹ̀ṣẹ̀ náà wà lọ́nà klọ́ọ̀ṣì tó ń gbé ọkọ̀ lọ síwájú. Bí R bá pẹ́ nìkan, ó wà lọ́nà klọ́ọ̀ṣì tàbí búréèkì inú gíà tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹ̀yìn. Bí méjèèjì bá jọ pẹ́, ẹ lọ síbi tí méjèèjì ti ń mu omi, èyíinì ni ọ́ìlì, fíltà, páńpù àti fáàfù tó ń ṣètò agbára ọ́ìlì.

Ẹ má sì ṣe da gbì pọ̀ mọ́ ìdádúró. Ọkọ̀ tó tètè gba gíà ṣùgbọ́n tó ń dún gbì lè má ní àìsàn gíà kankan. Ó lè jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì síìtì ti já, tàbí pé kúrọ́ọ̀sì ọ̀pá abẹ́ ọkọ̀ ti jẹ. Ọ̀pọ̀ gíà tí kò ṣe nǹkan kan ni wọ́n ti sọ kalẹ̀ nítorí kúrọ́ọ̀sì.

Àárọ̀ ni, tàbí ọ̀sán?

Èyí ni ìbéèrè tí mẹkáníìkì gbọ́dọ̀ bi awakọ̀, awakọ̀ nìkan ló sì lè dáhùn rẹ̀, torí òun ló ń jí ọkọ̀.

Bí ó bá jẹ́ àárọ̀ nìkan, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti sùn mọ́jú, tí kò sì ṣe é mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, ohun méjì ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé ọ́ìlì inú converter ti ṣàn padà sínú àwo ìsàlẹ̀ lóru, páńpù sì gbọ́dọ̀ kún un padà kí ọkọ̀ tó gbéra. Èkejì ni pé rọ́bà síìlì ẹ̀yìn písítìnnì ti gbó, ó ti le bí awọ gbígbẹ, kò lẹ̀ mọ́ ara irin mọ́ títí ọ́ìlì gbígbóná yóò fi rọ̀ ọ́. Báwo ni ẹ óò ṣe mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì? Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ tan ọkọ̀, ẹ fa á sí D lójú ẹsẹ̀, kí ẹ ka àkókò. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ tan án, ẹ fi sí N pẹ̀lú búréèkì ọwọ́ fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kí ẹ tó fa á sí D. Bó bá gbà á lójú ẹsẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ọ́ìlì tó ṣàn padà ni ẹ kọ́kọ́ fura sí. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́ bí awakọ̀ bá ń fún un ní ìṣẹ́jú kan yẹn. Bó bá ṣì ń lọ́ra bákan náà, tí ọ́ìlì sì pé, ẹ fura sí rọ́bà síìlì.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀sán nìkan, nígbà tí ọkọ̀ ti gbóná, tó ti ru pákó láti Bódìjà tó sì há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìwó Road, ìyẹn yàtọ̀. Ọ́ìlì tó gbóná a máa ṣàn ju ọ́ìlì tútù lọ, a sì máa jò gba ibi tó ti jẹ. Páńpù tó ti jẹ, fáàfù tó ti jẹ àti síìlì tó ti jẹ, ooru ọ̀sán ló ń tú wọn fó. Ẹrù tó pọ̀ jù ń fa ooru, ooru ló sì ń pa ọ́ìlì gíà.

Ẹ bi ọ́ìlì léèrè

Lẹ́yìn tí ẹ ti ka àkókò, ọ́ìlì ló kàn. Ọ̀pọ̀ ló ń wọn ọ́ìlì gíà bí ẹni ń wọn ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì pípa. Fún Tacoma àti Ranger àtijọ́, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́jú, ọ́ìlì gbọ́dọ̀ gbóná, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́. Ẹ tẹ búréèkì, ẹ fa ọ̀pá gba gbogbo ipò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ dá a padà sí P. Ẹ wá yọ dípísítíìkì, ẹ nù ún pẹ̀lú asọ mímọ́ tí kò ní òwú, ẹ kì í bọ̀ ọ́, kí ẹ sì tún un yọ. Ojú àmì tó wà fún ọ́ìlì gbígbóná ni kí ẹ wò. Bó bá lọ sílẹ̀, páńpù yóò máa fa atẹ́gùn mọ́ ọ́ìlì. Bó bá pọ̀ jù náà, irin tó ń yí nínú gíà yóò pò ó di ìfófòó, ìfófòó kò sì lè tẹ písítìnnì. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí ilé iṣẹ́ kò fún ní dípísítíìkì rárá. Ihò ẹ̀gbẹ́ tàbí ìsàlẹ̀ gíà ni a fi ń wọn tiwọn, ẹ tẹ̀ lé ìwé ọkọ̀ náà.

Ẹ wá wo àwọ̀ rẹ̀ lórí asọ funfun, kí ẹ sì gbọ́ òórùn rẹ̀. Ọ́ìlì tó pupa tó sì mọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́. Èyí tó ti pọ́n dúdú díẹ̀ ti dàgbà. Èyí tó dúdú tó sì ń rùn bí ohun tó jóná, pílétì klọ́ọ̀ṣì ló ti jó sínú rẹ̀. Irú gíà bẹ́ẹ̀, ọ́ìlì tuntun nìkan kò lè wò ó sàn. Ẹ sọ òtítọ́ yẹn fún oníbàárà kí ẹ tó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ọ́ìlì bá funfun pọ́ńkì bí wàrà tí a da omi pupa sí, omi ti wọ inú rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni omi ń gbà wọlé. Ọ̀kan ni rédíétọ̀, torí pé páìpù ọ́ìlì gíà gba inú rẹ̀ kọjá kí ó lè tutù. Bí páìpù náà bá là nínú, omi àti ọ́ìlì yóò pàdé. Nissan Frontier tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 2005 sí 2010 ní orúkọ lórí èyí, ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ dé kóòtù ní Amẹ́ríkà. Ọ̀nà kejì ni àgbàrá. Ìbàdàn kò gbàgbé omíyalé Ògùnpa ti 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, kò sì gbàgbé ti 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011. Ọkọ̀ tó bá wọ omi débi tí omi bo ihò tí gíà fi ń mí, ẹ má ṣe tan án lọ sílé. Ẹ wọ́ ọ, kí ẹ yọ ọ́ìlì rẹ̀ wò. Omi a máa tú gọ́ọ̀mù tó lẹ pílétì klọ́ọ̀ṣì mọ́ irin.

Ohun tó wà níta gíà

Bí ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀, ó lọ síbì kan. Ẹ wá ibẹ̀. Ẹ wo rọ́bà àti páìpù rédíétọ̀, ẹ wo ẹnu ọ̀pá ẹ̀yìn gíà, ẹ wo etí àwo ìsàlẹ̀, ẹ wo iwájú níbi tí gíà ti pàdé ẹ́ńjìnnì. Bí kò bá sí ibì kankan tó tutù, ẹ wo èéfín. Àwọn Ford Ranger ọtọmátíìkì kan tó ṣáájú ọdún 1995 ní ẹ̀yà kékeré kan lára gíà, tí rọ́bà tín-ínrín so pọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Bí awọ inú rẹ̀ bá ya, ẹ́ńjìnnì yóò máa fa ọ́ìlì gíà mu, yóò sì máa yọ èéfín funfun. Ẹ yọ rọ́bà náà. Bí ọ́ìlì pupa bá wà nínú rẹ̀, ẹ ti rí olè náà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo okùn tàbí ọ̀pá tó so ọwọ́ awakọ̀ mọ́ gíà. Bó bá ti yẹ̀, ọ̀pá lè wà ní D lójú awakọ̀, kí fáàfù inú gíà má tíì ṣí tán. Ẹ tún wo iná ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì tí iná rẹ̀ lọ sílẹ̀ jù ń yí páńpù jẹ́jẹ́, agbára ọ́ìlì yóò sì dín. Gbogbo ohun tí mo kà yìí, láìtíì fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì gíà kan ni.

Àwo ìsàlẹ̀ àti géèjì

Bí ìdáhùn kò bá tíì jáde, ẹ sọ àwo ìsàlẹ̀ nìkan kalẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ má tíì dà á nù, ẹ má sì tíì fọ̀ ọ́. Ohun tó wà nínú àwo yẹn ni ẹlẹ́rìí wa. Irin mágínẹ́ẹ̀tì kékeré máa ń wà níbẹ̀. Ẹrẹ̀ dúdú díẹ̀ lórí rẹ̀ kò burú, ọjọ́ orí ni. Bí ó bá jẹ́ àfọ́kù irin tó ń dán ni, irin ń jẹ irin nínú gíà. Bí ó bá jẹ́ eérú dúdú púpọ̀ tó nípọn, pílétì klọ́ọ̀ṣì ló ń jẹ tán. Ẹ pààrọ̀ fíltà àti gásíkẹ́ẹ̀tì, ẹ da irú ọ́ìlì tí ìwé ọkọ̀ tàbí dípísítíìkì sọ sí i, kí ẹ tún àkókò kà. Fíltà tó dí nìkan lè fa ìdádúró ní D àti R, ó sì sábà máa ń fi ariwo páńpù bí ìgbe ẹ̀fọn kún un.

Ìgbésẹ̀ tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn ni géèjì. Ihò kan wà lára ọ̀pọ̀ gíà, tí a fi nọ́ọ̀tì kékeré dí, níbi tí a ti lè so géèjì mọ́ ọn láti wọn agbára ọ́ìlì. Géèjì tó lè ka 300 psi ni kí ẹ wá, torí pé agbára R máa ń ga ju ti D lọ. Bí agbára bá kéré ní gbogbo ipò, páńpù, fíltà tàbí fáàfù tó ń ṣètò agbára ni. Bí ó bá kéré ní ipò kan ṣoṣo, ọ́ìlì ń jò lọ́nà klọ́ọ̀ṣì ipò yẹn. Bó bá ti dé ibí, tí ẹ sì ní nọ́ńbà lọ́wọ́, ẹ lè sọ gíà kalẹ̀. Ẹ ti mọ ohun tí ẹ ń wá níbẹ̀.

Ohun tí kò yẹ kí a máa ṣe

Ẹ̀yin awakọ̀, bí ọkọ̀ bá ń lọ́ra, ẹ má ṣe tẹ iná láti fi ipá mú un. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré, tí pílétì sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọwọ́ kanra, ẹ̀ ń sun ún ni. Ẹ fà á, ẹ dúró kí ó gbà á, kí ẹ tó tẹ iná.

Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ má ṣe da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sínú gíà ọtọmátíìkì, ẹ má sì ṣe da ọ́ìlì búréèkì sí i pé kí rọ́bà síìlì lè wú. Ọ́ìlì búréèkì yóò ba rọ́bà inú gíà jẹ́ pátápátá. Ẹ má ṣe gbà pé gbogbo ọ́ìlì tó pupa ló jẹ́ ọ̀kan. Dexron, Mercon àti T-IV lè jọra lójú, ìwé ọkọ̀ ló mọ èyí tó ń béèrè.

Bó bá sì di dandan kí ẹ ra gíà tòkúnbọ̀, ìbáà jẹ́ ní Àràròmí ní Agodi Gate tàbí ní Ládípọ̀ ní Èkó, ẹ wo ọ́ìlì inú rẹ̀ àti àwo ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Kí ẹ tó so ó mọ́ ọkọ̀, ẹ fọ páìpù rédíétọ̀ mọ́. Ìdọ̀tí tó pa gíà àkọ́kọ́ ṣì wà nínú páìpù yẹn, yóò sì wọ inú èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n á ní ọjà burúkú ni mẹkáníìkì tà.

Ìwé kékeré awakọ̀

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ ra ìwé kékeré kan sínú ọkọ̀. Lọ́jọ́ tí ìdádúró bá kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lójú géèjì ìrìn ọkọ̀, àárọ̀ ni tàbí ọ̀sán, D ni tàbí R, ìṣẹ́jú àáyá mélòó, ẹrù wo ni ọkọ̀ rù, àti bí ọ́ìlì ṣe rí. Ẹ mú un lọ bá ọ̀gá tó ń bójú tó ọkọ̀, kí ó fọwọ́ sí i. Bí kò bá fẹ́ fọwọ́ sí i, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ fi hàn án, kí ẹ sì mú ẹ̀dà rẹ̀ wá fún akọ̀wé ẹ̀ka. Awakọ̀ tó ti fi ìwé sọ pé gíà ń lọ́ra, tí wọ́n sì ní kó máa wà á lọ, ta ni yóò pè é ní aláìbìkítà? Ẹni tó dákẹ́ ni tara rẹ̀ ń bá a dákẹ́. Mẹkáníìkì náà, ẹ kọ ohun tí ẹ wọ̀n àti ohun tí ẹ bá nínú àwo sílẹ̀, kí ẹ sì fi orúkọ yín sí i. Ìwé yín àti ìwé awakọ̀ yóò jọ ran ara wọn lọ́wọ́, dípò kí awakọ̀ àti mẹkáníìkì máa tọ́ka síra wọn níwájú ọ̀gá.

Alága, ìmọ̀ràn kan ni mo fẹ́ gbé sílẹ̀ kí n tó jókòó. Géèjì agbára ọ́ìlì pẹ̀lú àwọn ẹnu rẹ̀ kì í ṣe ohun tí gbogbo sọ́ọ̀bù kékeré lè dá rà, ṣùgbọ́n ẹ̀ka lè rà á lápapọ̀. Kí ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé, kí mẹkáníìkì tó bá nílò rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé kí ó tó gbà á, kí ó sì dá a padà lọ́jọ́ kejì. Gíà kan ṣoṣo tí a kò sọ kalẹ̀ lásán ti lè san owó rẹ̀. Owó oṣù awakọ̀ kan ṣoṣo tí a gbà sílẹ̀ ju owó rẹ̀ lọ. Mo bẹ̀ yín kí ẹ jẹ́ kí a jíròrò lórí rẹ̀ ní abala tó kàn nínú ìpàdé yìí.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a rí ìjàǹbá lójú pópó.